Ojú Oró Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé ọkọ mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí n tó mọ orúkọ àwọn ará ilé tán. Omi ìwẹ̀, omi aṣọ fífọ̀, omi irú, omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, àti èyí tó ń jo jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ni kòtò àgbàrá kan ń kó bọ̀ láti òkè àdúgbò wa tí à ń pè ní Plateau, tí yóò sì wá dúró sẹ́yìn ilé wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ìwọ tí o ti gbé Ṣábẹ̀ẹ́ rí, o mọ bí àwọn òkúta ńláńlá tó wà lórí ìlú yẹn ṣe máa ń mú oòrùn sára ní ọ̀sán, tí wọn á wá máa tu ooru rẹ̀ sí wa lára títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi yẹn á dúdú, á máa yọ ìfófòó, ẹ̀fọn á sì bò ó. Ọmọ Pọ̀bẹ́ ni mí. Ìjọba ló gbé mi lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni ọkọ ti rí mi, tàbí kí n sọ pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọkọ, ó dá lórí ẹni tó bá ń sọ ìtàn náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sùn nílé wọn, mo gbé ibùsùn kúrò lára ògiri, mo ń wá eku tó kú.

Ìyá ọkọ mi kò gbóòórùn náà mọ́. Ó ti bá a gbé títí imú rẹ̀ fi gbà fún un. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an ni ó ti ń wẹ ọmọ tuntun tẹ́lẹ̀, kí àdúgbò tó kún, kí omi ìdọ̀tí ẹlòmíràn tó gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bí a bá lè pè é ní iṣẹ́, nítorí kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀ ju ọṣẹ àti òrí tí ìyá ọmọ bá gbé sílẹ̀ lọ. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, ará ilé òrìṣà, kò sí ilé tí wọ́n ti bímọ ládùúgbò wa tí kì í wọ̀ ní kùtùkùtù. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Á na apá, á na ẹsẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná mọ orí rẹ̀ kó lè rí rogodo. Bí ìwẹ̀ bá fẹ́ parí, á bu díẹ̀ nínú omi ewé tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á dà á sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ á ké, ìyá ọmọ á fẹ́ ké, òun á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin pàtàkì tó ń jókòó síwájú níbi ìpàdé ìlú, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ orí púpọ̀ nínú wọn, ó sì máa ń rán wọn létí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe fújà jù.

Ní ọdún tí mo lóyún àkọ́bí mi ni àwọn ará mẹrí tó ń bójú tó ìlú mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá fún wa. Ọmọ ilẹ̀ Fọ̀n ni, ó ti kàwé gan-an nípa omi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó níwà, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè wa, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa ń kí wa títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ Faransé rẹ̀ fún àdúgbò, torí pé mo jẹ́ olùkọ́, mo sì jẹ́ ìyàwó ilé tó ni ilẹ̀. Ó ní òun kò ní gbé ẹ̀rọ wá, òun kò sì ní da oògùn sí i, ewéko àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò rí ni yóò bá wa fọ omi náà. Àwọn àgbààgbà wo ara wọn. Bàbá kan ní kí n bá òun bi í bóyá ewé náà á nílò ọṣẹ. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò ó dáadáa, ó ní rárá, kò ní nílò ọṣẹ.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń lọ sópin. Omi á kọ́kọ́ wọ inú kòtò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò, kí ohun tó bá ki nínú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Láti ibẹ̀ á gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn kọjá, wọ́n sì gbin ìdò sórí òkúta náà, ìdò olódòdó pupa tí a máa ń fi kóró rẹ̀ ṣe ṣẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá bọ́ sínú adágún omi kan tí kò jìn, ibẹ̀ ni ojú oró á ti máa léfòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi pé ewé kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbòǹgbò ni. Ara gbòǹgbò ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí wọ̀nyẹn ń gbé, tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí, tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ sì ń fa ìyókù mu. Ó fa ọ̀kan yọ hàn mí. Ó dúdú, ó gùn, ó ń kán tótó bí irùngbọ̀n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ojú kúrò nínú àwo ọbẹ̀.

Ojú oró kò sí nítòsí wa. Ìyá ọkọ mi ló mọ ibi tó wà, níbi tí odò Ọ̀pàrà ti ya wọ inú koríko, òun àti àwọn obìnrin àdúgbò ló sì lọ kó o. Wọ́n fi ọpọ́n rù ú bọ̀ pẹ̀lú omi, wọ́n ń kọrin, aṣọ wọn tutù rinrin. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n lélẹ̀ lórí omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń ṣe é bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Nígbà tó yá, ó pè mí. Ó ti ewé kan bọ inú omi dúdú náà, ó dì í mú síbẹ̀ díẹ̀, ó fà á yọ. Ewé náà gbẹ. Irun fúlẹ́fúlẹ́ tó bò ó lára kò jẹ́ kí omi kàn án rárá.

"Ṣé o rí i, ìyàwó?" ni ó wí. "Ìdọ̀tí kì í mú un."

Mo rí i, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn á gbà á gbọ́.

Kí òjò tó wọlé dáadáa, òórùn ti lọ. N kò ní parọ́ fún ọ, n kò gbà pé ó ṣeé ṣe, títí mo fi jí lówùúrọ̀ kan tó jẹ́ pé àkàrà tí aládùúgbò wa ń dín ni mo gbóòórùn rẹ̀ lójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀lọ́ dé, lámilámi dé, omi tó ń ṣàn jáde ní ìpẹ̀kun mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó gbin ẹ̀fọ́ sísàlẹ̀ fi ń darí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ebè wọn. Mẹrí fi Ìyá ṣe alábòójútó ibẹ̀. Bí àlejò bá ti Adido tàbí ibòmíràn wá wò ó, Ìyá á lọ wọ aṣọ tó dára, á mú wọn yí i ká, á máa sọ fún wọn ohun tí ìdò ń ṣe àti ohun tí òkúta ń ṣe, n kò sì ní láti túmọ̀ nǹkan kan. Bí ojú oró bá ti kún ojú omi, wọ́n ní láti yọ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ omi náà ní kí wọ́n máa bò ó mọ́ inú kòtò, nítorí pé ìdọ̀tí tó mu ṣì wà lára rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n o mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò. Wọ́n rò pé nítorí kí ibẹ̀ lè wà ní mímọ́ ni ó ṣe sọ ọ́, kí ewé jíjẹrà má baà wà káàkiri.

Ohun tí oníṣẹ́ omi kò mọ̀, tí èmi ọmọ Pọ̀bẹ́ náà kò mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó, ni ohun tí ojú oró jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wẹ ọmọ nílùú yẹn. Ewé ìtura ni. Bí ara ọmọ bá sú nítorí ooru, bí ó bá ń yún un tí kò jẹ́ kó sùn, òun ni wọ́n ń wá. Láyé àtijọ́ Ìyá á ní láti rán ènìyàn lọ sí Ọ̀pàrà, tàbí kó lọ fúnra rẹ̀, bí omi bá sì kún, kò sí bó ṣe fẹ́ rí i. Wàyí o, wọ́n ti gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ó tóbi ju ti odò lọ, wọ́n sì ní kó máa bò ó mọ́lẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún un ní ọjọ́ ogbó, àlejò ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kàn ni Ọlọ́run rán.

Mo bímọ nígbà tí ooru tún padà dé. Obìnrin ni. Ìyá ló wẹ̀ ẹ́, bó ṣe yẹ kó rí, n kò sì lè ṣàlàyé fún ọ bí inú mi ṣe dùn tó ní àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Paraku, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wá, ìyá tó bí mi wà lọ́nà jíjìn, ọmọ àkọ́bí sì ń dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí obìnrin yẹn tó na ẹsẹ̀, tó ti gbá ọmọ mú, ọkàn mi á balẹ̀. Ó tún ti padà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, sábẹ́ ìbòòji, níbi tí ìdò ti ń tanná. Ó ní ọmọ mi ni àkọ́kọ́ tí òun máa wẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó ṣe, ara ọmọ náà sú, bí ti gbogbo ọmọ lásìkò yẹn. Ewé kún inú omi ìwẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, wọn kì í sì í bi ìyá ọkọ léèrè ewé. Èyí tó sú náà wá di egbò, egbò ń ṣomi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Ó ń ṣu títí kò fi lágbára láti sunkún mọ́. Ní òwúrọ̀ kan tí mo fẹ́ fún un lọ́mú, mo wo orí rẹ̀, mo rí i pé àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọlé bí ibi tí ènìyàn fi ìka tẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo pe zémì tó ń kọjá, mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà náà, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé n kò lè gbàdúrà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn náà jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé kí ni a fi ń wẹ ọmọ yìí. Mo ní omi gbígbóná àti ewé. Ó ní ewé wo. Mo ní n kò mọ̀. Ó wá ní, "Ẹ lọ béèrè o, Madámù. Àwọn ọmọ tuntun mìíràn ti wá láti àdúgbò yín, bákan náà ni egbò ara wọn ṣe rí." Kò búra pé ewé ni, mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Títí dòní kò sí ẹni tó búra fún mi.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin náà, mo sáré wálé ní ọ̀sán láti wá mú aṣọ. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá wà ní etí adágún náà, ó ti ká aṣọ sókè, ó ń ṣa ojú oró sínú ọpọ́n. Obìnrin kan láti òdìkejì ọ̀nà dúró tì í, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ń dúró de tirẹ̀. Ìyá ń yan àwọn tó dára jù, ó ń gbọn ewé wọn, ṣùgbọ́n ó fi gbòǹgbò wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lójú àwọn tó ń wẹ ọmọ, inú gbòǹgbò ni agbára ewé wà. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun ti ń bọ̀ lọ́nà, òun ń ṣa èyí tí òun máa kó lọ fún ọmọ wa nílé ìwòsàn.

Mo dúró kí obìnrin náà lọ. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ. Ìgbẹ́ àdúgbò ni ewé yìí ń jẹ."

"Ewé tí omi kì í kàn?"

"Gbòǹgbò rẹ̀ ni, Ìyá. Òun ló ń mu ún."

Ó wo gbòǹgbò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé òun ló ṣe ọmọ náà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo rò ó."

Ó rọra gbé ọpọ́n náà sílẹ̀, kò dà á nù. "Ó dáa," ni ó wí, ó sì wọlé. Nígbà tí mo ń jáde lọ pẹ̀lú aṣọ ọmọ, mo gbọ́ tó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò fi ewé yẹn kan ọmọ mi mọ́. Ọmọ náà gbádùn, egbò rẹ̀ ń jiná, mo gbé e padà wálé. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò yéé wá sẹ́yìn ilé wa. Ìyá kò ṣa ewé fún wọn mọ́, kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣà á. Á jókòó síbi tó wà, á máa wo bí wọ́n ṣe ń kó o lọ, á dá wọn lóhùn bí wọ́n bá kí i. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá ní kí wọ́n má mú un, wọ́n á béèrè ìdí, ìdí náà sì wà lẹ́yìn mi, mo pọ̀n ọ́n. Mo bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní òun á sọ fún wọn. Kò sọ. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Inú ilé ni kí o ti sọ ọ́. Má sọ ọ́ níta. Ìyá mi ni." Mo ní mo gbọ́. N kò purọ́, mo gbọ́ lóòótọ́.

Oníṣẹ́ omi padà dé, ó rí bí wọ́n ṣe ń kó ojú oró nínú ọpọ́n, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó bẹ olórí àdúgbò pé kí ó pe àwọn ènìyàn jọ. Ìrọ̀lẹ́ ni, ní iwájú ilé olórí àdúgbò, àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní àti pẹpẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́mọ dání. Ìyá ọkọ mi wà láàárín wọn, wọ́n ti fún un ní àga tó dára jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ Faransé, èmi ń túmọ̀. Mo sọ pé omi náà mọ́ nítorí pé ewé ti gba ìdọ̀tí rẹ̀ sára. Mo sọ pé ẹni tó bá fi wẹ ọmọ, ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò ló fi wẹ̀ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín tí a máa ń rín sí ọmọdé tó ń kọ́ni ní nǹkan ni. Obìnrin kan tó lọ́rọ̀ lẹ́nu ní, "Ìyàwó, bá wa sọ fún ọ̀gá pé ọwọ́ Ìyá wa ni ewé yẹn ti ń wá. Ṣé Ìyá wa á fẹ́ pa wá lọ́mọ ni?" Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oníṣẹ́ omi fọwọ́ kàn mí. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo ń wo ọmọ tuntun kan tó wà lórí itan ìyá rẹ̀ níwájú, orí rẹ̀ rogodo, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Mo wá ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Mo tú ọmọ mi kúrò lẹ́yìn, mo ṣí aṣọ ara rẹ̀, mo fi àpá tó kù hàn wọ́n. "Ewé yẹn ni wọ́n fi wẹ ọmọ tèmi. Omi rẹ̀ ló mu. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí n kò bá ti dárúkọ, ó lè ṣeé gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tan ara mi. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ta ló ń wẹ àkọ́bí ìyàwó ilé, bí kò ṣe ìyá ọkọ rẹ̀? Kò sí ẹni tó tún wo Ìyá. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo ọmọ wọn, obìnrin tó gbé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ dání fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọmọ náà lẹ́nu. Ìyá dìde. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó kí olórí àdúgbò dáadáa, ó sì lọ sílé. Oníṣẹ́ omi tún bi mí pé kí ni mo sọ fún wọn. Mo ní mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni ó ń sọ.

Wọ́n kó ojú oró náà kúrò pátápátá lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gbin koríko mìíràn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fún oògùn dípò rẹ̀, omi náà sì ń mọ́ lọ. Ọmọ kankan kò kú, mo dúpẹ́. Kò sí ẹni tó bú Ìyá. Wọ́n tilẹ̀ ń kí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n ń kúnlẹ̀ pátá, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ara rẹ̀, wọ́n á sì tètè ní àwọn ń kánjú lọ síbì kan. Ọmọ tuntun ń dé ládùúgbò, a ń gbọ́ ìró ayọ̀, kò sí ẹni tó wá pè é. Á jí ní kùtùkùtù bó ti máa ń ṣe, á gbá ilẹ̀ tó ti mọ́, á jókòó. Ọkọ mi kò bá mi jà. Ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ níwọ̀n fún ìgbà pípẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá onílé sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ó dá mi dúró. Ó ní, "O gba ọmọ rẹ là. Dìde." Kò sì tún sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ mọ́ láyé.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa adágún omi yẹn títí di ìsinsìnyí, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa pàápàá, nítorí pé ìlú mìíràn ti ń fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó dára, nítorí pé ó dára. Mo tún máa ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà pé kí ni wọ́n ń fi ewé náà ṣe, kí wọ́n tó gbé e sórí omi. Èyí tí n kì í sọ fún wọn ni pé bí ó bá jẹ́ lónìí, màá tún ṣí aṣọ ọmọ mi lójú gbogbo wọn, n kò sì ní lè sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, kí n kábàámọ̀ tàbí kí n má kábàámọ̀. Kò ṣeé ṣe.

Nígbà tí mo bí ọmọ kejì, ọkùnrin, mo gbé omi kaná, mo gbé àpótí àti ọṣẹ síwájú Ìyá, mo na ọmọ sí i. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí màá sọ bó bá kọ̀. Kò kọ̀. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Ó ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n na ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ mi, ó ń fi ẹnu wẹ ọmọ náà: gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, fi ìka rẹ dí etí, má bẹ̀rù, egungun rẹ̀ kò ní kán, mọ iwájú orí, bẹ́ẹ̀ ni. Omi fẹ́ wọ ọmọ lójú, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò lábẹ́ ìborùn, ó dé àárín èmi àti òun, ó sì padà. Nígbà tí mo parí, mo gbé ọmọ náà sókè, ó mọ́, ó ń dán, mo ní, "Ìyá, ẹ gbà á."

"Wọ aṣọ fún un ná," ni ó wí.

Ooru mú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wọ aṣọ fún ọmọ, mo dé fìlà fún un, mo fi ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì, títí ó fi ku ojú rẹ̀ nìkan tí ọwọ́ lè kàn, kí n tó gbé e lé Ìyá lọ́wọ́.